Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Bandoneón àti Pẹ́ńsùlù Jẹun

Kí ẹ tó wá owó bandoneón, àpótí orin oníẹwìrì tí a fi ń tẹ táńgò, orin ijó Argẹntínà, ẹ kọ́kọ́ ra ìwé orin onílà márùn-ún àti pẹ́ńsùlù. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún ọmọ tó bá wá kan ilẹ̀kùn mi ní Almagro, níbí ní Buenos Aires, inú wọn kì í sì í dùn sí i. Wọ́n ti rí fídíò Astor Piazzolla, gbajúmọ̀ onítáńgò, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé àga, tó na ẹwìrì sórí itan, àwọn náà sì fẹ́ dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀kẹ́sítírà kọ́dún tó parí. Mo ní ẹ ní sùúrù, ẹ jókòó ná.

Ẹni tó ń lo fayolíìnì bá orin rẹpẹtẹ nílẹ̀, tí àwọn àgbà ti kọ sílẹ̀ fún un láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Bandoneón kò bá irú ẹ̀ nílẹ̀. Heinrich Band, ará Krefeld ní Jámánì, ló gbé e jáde láàárín ọdún 1840 sí 1850, ó sì kú ní 1860 láìgbọ́ táńgò kankan rí. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wọn ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi máa parí, ọkọ̀ ojú omi ti gbé e dé Río de la Plata, ẹnu omi ńlá tí Buenos Aires wà létí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ orin fún gbọ̀ngàn ńlá kò kà á sí nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá jókòó níwájú èrò fún wákàtí kan, àfi kó fúnra rẹ̀ kọ púpọ̀ nínú ohun tó máa tẹ̀, tàbí kó tún ti ẹlòmíràn tò títí yóò fi bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ẹ ka orúkọ àwọn tí a ń bọ̀wọ̀ fún: Eduardo Arolas, Pedro Maffia, Pedro Laurenz, Aníbal Troilo, Leopoldo Federico, Rodolfo Mederos, Néstor Marconi, Dino Saluzzi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ orin.

Rírà á

Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìlú yìí ní bọ́tìnnì 71: 38 lọ́wọ́ ọ̀tún, 33 lọ́wọ́ òsì. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń mú ohùn kan jáde bí ẹ bá ń ṣí ẹwìrì, òmíràn bí ẹ bá ń pa á dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí 142 tí wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta 144 fún yín, tàbí irú èyí tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà bí ẹwìrì bá yí, ó lè jẹ́ ohun èlò gidi, ṣùgbọ́n ẹ ó dá wà ni. Olùkọ́, ìwé ẹ̀kọ́, àti àwọn tí ẹ jọ máa jókòó, 142 ni gbogbo wọn ń lò níbí.

Lẹ́tà tí gbogbo ènìyàn ń wá lára rẹ̀ ni AA, ìyẹn Alfred Arnold, tó ní ilé iṣẹ́ ní Carlsfeld ní Saxony. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ bandoneón dúró níbẹ̀. AA tí ẹ máa rí lónìí, ó ṣeé ṣe kó dàgbà ju ìyá yín àgbà lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń dárúkọ iye rẹ̀ ní Buenos Aires, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni. Àwọn kan ń ṣe tuntun ní Yúróòpù àti níbí náà, iṣẹ́ wọn sì ń dára sí i. Ní tèmi o, ẹ yá ọ̀kan tàbí kí ẹ háyà rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tì kó tó dọdún, ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ọ́wọ́n máa ń tà á pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tí ẹ bá wá délé ẹni tó ń tà á, ẹ má jẹ́ kó tẹ orin fún yín. Orin dídùn ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ di apá kan mú sókè, ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ fi ọwọ́ kejì ṣọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ fa ara rẹ̀ lọ. Bó bá rọra ń lọ, ó dáa. Bó bá já wálẹ̀ wìì, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ní ṣíṣí àti ní pípadé, ẹ kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó fi agbára sí i. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n irin méjì tó ń dún pọ̀, ọ̀kan fi ọ́kítéfù kan (ìpele ohùn mẹ́jọ) ga ju èkejì lọ. Lábẹ́ agbára, àwọn méjèèjì á dáhùn. Lábẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ahọ́n tó ń ṣàìsàn á dákẹ́ tàbí kó pẹ́ kó tó dún. Ohùn pẹ̀lẹ́ sì ni ẹni tó ń dá tẹ̀ ẹ́ máa ń lò jù, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a lẹ́jọ́.

Àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ sínkì fún yín, pé àwo sínkì tí wọ́n kan ahọ́n mọ́ ló fún AA ní ohùn rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ onísínkì tó ń kùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Etí yín ni kí ẹ fi rà á.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé 440 ni wọ́n yí ohùn rẹ̀ sí ni, àbí 442, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn A tí a fi ń ṣòdiwọ̀n ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Màá padà sórí èyí. Bí ẹ kò bá sì ní í gbé ní Argẹntínà, ẹ mọ̀ pé láti 2009 ni òfin ti wà níbí tó ń dáàbò bo bandoneón, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, torí àwọn àlejò ti ń kó wọn lọ. Ẹ má gbé ti àtijọ́ kúrò nílùú láìsí ìwé tó yẹ lọ́wọ́.

Àwòrán mẹ́rin lórí kan

Ọ̀tún ní ṣíṣí, ọ̀tún ní pípadé, òsì ní ṣíṣí, òsì ní pípadé: àwòrán mẹ́rin ni orí máa gbé, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò tò láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sókè bíi ti píánò. Ìtò kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é wá ń fi bọ́tìnnì tuntun kún etí rẹ̀ bí onílé tó ń fi yàrá kún ilé nígbàkúùgbà tí ọmọ bá dé. Ẹ má wá ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ẹ kàn há a sórí.

Ṣíṣí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tẹ táńgò, ṣíṣí ni wọ́n gbára lé: ìwúwo ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ń fa ẹwìrì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ohùn á sì gbá bí ẹ ṣe fẹ́ kó gbá. Bó bá ti ṣí dé òpin, àtàǹpàkò ọ̀tún á tẹ irin afẹ́fẹ́, ẹwìrì á padé lẹ́ẹ̀kan náà láìdún, ó tún yá. Ìka mẹ́rin mẹ́rin ló ṣẹ́ kù fún bọ́tìnnì; àtàǹpàkò kì í bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ tó ń tẹ fún ijó, ẹ lè fi ṣíṣí nìkan jẹun títí. Ẹni tó máa dá tẹ̀ ẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú ègé kan nínú orin Bach, níbi tí ohùn mẹ́ta ti ń rìn lọ láìdúró, kò sí àyè tí ẹ máa fi pa ẹwìrì dé ní ìdákẹ́jẹ́. Nítorí náà, mo máa ń ní kí ọmọ tẹ ìlà kan náà ní ṣíṣí látòkè délẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́ ní pípadé látòkè délẹ̀, kó tó wá pinnu ibi tí ẹwìrì máa yí. Ìpinnu yẹn ni orin. Ibi tí ẹwìrì bá yí ni gbólóhùn á ti mí, etí olùgbọ́ á sì mọ̀ bí èémí náà bá bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹ fi àmì sí i lórí ìwé lọ́jọ́ tí ẹ bá ti pinnu, torí ẹ ò ní rántí.

Alejandro Barletta níbí àti René Marino Rivero ní Urugúáyì ló mú ohun èlò yìí kúrò ní gbọ̀ngàn ijó, tí wọ́n fi tẹ orin àtijọ́ Yúróòpù àti orin tuntun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ. Kí ẹ wá àwo orin wọn gbọ́. Ẹ ó gbọ́ pé ọwọ́ kì í yára; ẹwìrì ló ń ṣiṣẹ́.

Fila

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí dídá tẹ̀. Ẹ lọ wá ìjókòó nínú fila.

Fila ni ìlà àwọn tó ń tẹ bandoneón níwájú ọ̀kẹ́sítírà táńgò, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, tí fayolíìnì, píánò àti béèsì ńlá wà lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́ ohun tí ìwé kò lè fi kọ́ni. Marcato: bí a ṣe ń gún ìlù mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ oníjó lè mọ ibi tó máa bọ́ sí. Síncopa: bí a ṣe ń tì í kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ kó ṣubú. Arrastre: bí a ṣe ń wọ́ ohùn dé orí ìlù kí ìlù tó dé. Fraseo: bí orin tí wọ́n kọ ní nóòtì gígùn kan náà ṣe ń di ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Àti variación, ègé kíákíá tó máa ń wà ní ìparí, tí gbogbo fila á jọ sá eré rẹ̀, tí ẹni tí kò dánra wò á sì tú síta lójú gbogbo ayé.

Nínú àwọn olórí ọ̀kẹ́sítírà àtijọ́, ẹ máa gbọ́ Juan D'Arienzo fún ìlù, Osvaldo Pugliese fún arrastre tó wúwo, Troilo fún èémí. Ọjọ́ ìbí Troilo, ọjọ́ 11 oṣù Keje, ni wọ́n sọ di ọjọ́ bandoneón ní Argẹntínà. Lọ́jọ́ náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ìka rẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, Conservatorio Manuel de Falla àti Escuela de Música Popular ní Avellaneda ń kọ́ni ní táńgò. Orquesta Escuela de Tango, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 lábẹ́ ìdarí Emilio Balcarce, ni wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ àṣà ọ̀kẹ́sítírà àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ti jókòó nínú wọn gan-an. Ní Yúróòpù, Rotterdam ní ẹ̀ka táńgò, Juan José Mosalini sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Gennevilliers lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Ẹ̀kọ́ wà. Àmọ́ fila ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń tẹnu mọ́ fila ni pé ibẹ̀ ni pẹ́ńsùlù ti ń wúlò. Ní 1939, Piazzolla jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó wọ ọ̀kẹ́sítírà Troilo. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í to orin fún wọn, ìtàn tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ ni pé Troilo máa ń fi rọ́bà pa púpọ̀ nínú nóòtì rẹ̀ rẹ́, torí oníjó kò ní lè jó o. Ó dun Piazzolla. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ tó ń kọ, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń gbọ́ ọ látẹnu ọ̀kẹ́sítírà tó dáa jù nílùú, pẹ̀lú èsì lójú ẹsẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń fún ni nírú ẹ̀? Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí ìjókòó, kódà kó jẹ́ ti ìgbẹ̀yìn, ẹ bẹ olórí ẹgbẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ to orin kan. Ẹ má gba owó. Ẹ kọ ọ́ fún bandoneón mẹ́rin, ẹ pín ohùn fún wọn kí ti ẹni kẹrin náà dùn ún tẹ̀, kí ẹ wá dákẹ́ lọ́jọ́ ìdánrawò kí ẹ máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń kùn sí.

Kíkọ ọ́ fún ọwọ́ ara ẹni

Ibi yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń kọ orin fún bandoneón mọ̀ ni pé ìka kò ní agbára kankan lórí rẹ̀. Lórí píánò, ẹ lè fi ìka kan tẹ orin kó dún sókè, kí àwọn ìka tó kù máa rọra bá a lọ. Lórí bandoneón, ẹwìrì kan ṣoṣo ló ń fún ọ̀tún àti òsì ní afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi agbára sí i, gbogbo ohùn tó ṣí sílẹ̀ lákòókò náà ló máa pariwo pọ̀. Báwo wá ni orin ṣe máa yọ láàárín èyí tó ń gbè é? Gígùn àti kúkúrú ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orin gùn, kí ohùn tó ń gbè é kúrú, kó máa tẹ̀, kó máa fò. Ẹ sì lè gbé orin náà sí ọ́kítéfù méjì lápá ọ̀tún, kí òsì mú ohùn méjì péré dípò mẹ́rin. Ọ̀dọ́ tó wá láti orí píánò máa ń kó gbogbo ìka òsì sórí bọ́tìnnì, á wá máa bi mí pé kí ló dé tí orin òun kò gbọ́. Mo máa ń ní kó yọ ìdajì kúrò. Á tún wá, mo máa ń ní kó tún yọ ìdajì.

Ìkejì, apá méjèèjì kò ní àwọ̀ kan náà. Lápá òsì, àpótí pẹlẹbẹ kan bo ibi tí ohùn ń gbà jáde, nítorí náà ohùn òsì ṣókùnkùn, ó sì dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú yàrá kejì. Ohùn àárín wà lápá méjèèjì. Ẹ lè kọ orin kan sí òsì, kí ẹ tún un kọ sí ọ̀tún ní ibi gíga kan náà gẹ́lẹ́, olùgbọ́ á sì rò pé ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀. Ọrọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń dá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í lò ó.

Ìkẹta, afẹ́fẹ́ máa ń tán. Ohùn mẹ́fà ńlá ní ìsàlẹ̀ ń jẹ afẹ́fẹ́ ju ẹyọ ohùn kan lókè lọ. Bí ẹ bá kọ ohùn gbọọrọ tó kún, ẹ fi aago ka a, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tó kọ ọ́ mọ́lẹ̀. Fífò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè tó lè dẹ́rù ba oníṣẹ́ píánò lè wà lábẹ́ ìka méjì tó wà nítòsí ara wọn lórí bandoneón, nígbà tí àtẹ̀gùn ohùn kékeré tí ọmọdé ń kọ ní ilé ìwé á máa so ìka mọ́ra. Ẹ má gbà kí ojú ìwé sọ fún yín ohun tó le.

Ní ti ẹ̀kọ́ orin kíkọ fúnra rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn Nadia Boulanger, olùkọ́ orin ará Faransé, pé Piazzolla lọ bá a ní Paris ní 1954, pé ìyá náà gbọ́ táńgò rẹ̀, ó ní kó má fi í sílẹ̀ láéláé. Ìtàn dáadáa ni, àmọ́ ó ń ṣi ọ̀dọ́ lọ́nà. Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ìṣírí kan ló dá Piazzolla sílẹ̀. Láti 1941 ló ti ń lọ sọ́dọ̀ Alberto Ginastera, akọrin-sílẹ̀ ará Argẹntínà, ẹni tó fi orin Stravinsky àti Bartók kọ́ ọ bí a ṣe ń pín ohùn fún ọ̀kẹ́sítírà, lẹ́yìn tó bá ti fi gbogbo òru tẹ táńgò. Ó ti kọ orin fún ọ̀kẹ́sítírà ńlá kó tó rí Boulanger. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1953, tó fi bandoneón méjì sí, ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olùgbọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kí ẹ wá olùkọ́ tó máa fi ìwé àwọn ẹlòmíràn há yín mọ́ fún ọdún díẹ̀. Ẹ tún wá Mauricio Kagel, ọmọ Buenos Aires náà, tó kọ orin fún bandoneón ní 1960 tí kò jọ táńgò rárá. Ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tí àpótí yìí lè ṣe. Kẹ́ ẹ sì gbọ́ Saluzzi, ará Campo Santo ní Salta, tí àwo orin rẹ̀ ń jáde ní ilé iṣẹ́ ECM ní Jámánì láti nǹkan bí ọdún 1983 síwájú. Kò sá tẹ̀ lé Piazzolla. Orin òkè àríwá tó gbọ́ ní kékeré ló ń tẹ̀, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́, ayé sì wá bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń ronú orin fún bandoneón àti ọ̀kẹ́sítírà, ẹ ṣí ìwé èyí tí Piazzolla kọ ní 1979, kí ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Okùn wà, háàpù wà, píánò wà, ìlù wà. Fèrè àti kàkàkí kò sí. Lójú mi, ọgbọ́n ni. Ahọ́n irin bandoneón àti ahọ́n èèsún àwọn fèrè kan máa ń wọ inú ara wọn, ẹni tó ń dá tẹ̀ ẹ́ á sì sọnù nígbà tó yẹ kó yọ jù. Ẹ lè tako èmi àti òun, kìkì kí ẹ ní ìdí.

Owó

Owó àkọ́kọ́ máa wá láti ilé oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eré táńgò fún àwọn àlejò. Ó ń dé déédéé. Orin kan náà ni, aṣọ kan náà, alaalẹ́. Ẹ gbà á, ẹ fi san owó ilé, kí ẹ sì fi òwúrọ̀ kọ orin. Mo mọ àwọn tó jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi gbàgbé gbogbo orin tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíkọ́ni, gbígba ohùn sílẹ̀ fún àwo orin ẹlòmíràn, àti títo orin, èyí tó ń san ju bí ẹ ṣe rò lọ torí àwọn tó mọ bandoneón kọ kò pọ̀.

Bí ẹ bá ti parí orin kan, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní SADAIC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ orin ní Argẹntínà láti 1936, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ níta. Bí ẹni méjì bá kọ ọ́, ẹ kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. AADI ní tirẹ̀ ń gba owó fún ẹni tó tẹ orin nínú àwo tí wọ́n ń lò níta, ìyẹn yàtọ̀ sí owó ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì, kó forúkọ sílẹ̀ níbi méjèèjì. Níbi eré kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ orin sí, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Mo ti rí olùṣètò kan tó kọ orúkọ orin Piazzolla sí ojú ìwé látòkè délẹ̀ nítorí pé ó rí bandoneón.

Bí ẹ bá to orin ẹlòmíràn, ẹ gbàṣẹ. Ní Argẹntínà, ẹ̀tọ́ lórí orin ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Piazzolla kú ní 1992, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Arolas kú ní 1924, nítorí náà ẹ lè to orin rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ lábẹ́ òfin ibí, lílo orin tó ti di ti gbogbo ènìyàn ṣì ní owó tí a ń san, owó náà sì ń lọ sí Fondo Nacional de las Artes. Bó ṣe rí nìyẹn, kò ya àwọn ará ibí lẹ́nu.

Orin kan lè ṣí ilẹ̀kùn tí àwo mẹ́wàá kò lè ṣí. Nígbà tí Carel Kraayenhof, ará Họ́láńdì, tẹ Adiós Nonino, orin Piazzolla, níbi ìgbéyàwó Máxima, ọmọ Argẹntínà, àti ọmọ ọba Họ́láńdì ní oṣù Kejì 2002, tí omi bọ́ lójú ìyàwó lórí tẹlifíṣọ̀n, orílẹ̀-èdè kan odindi ló mọ bandoneón ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ kò lè ṣètò irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní orin kan tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹ lè tẹ̀ láìsí ìdánrawò lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín lójijì.

Bí wọ́n bá pè yín lókèèrè

Ẹ má fi bandoneón sí abẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e wọlé, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ nínú àpò yín. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀kẹ́sítírà tó pè yín: 440 ni wọ́n ń lò ni, àbí 442, àbí 443? Fayolíìnì á yí èèkàn, ó parí. Bandoneón kò ní èèkàn. Wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n fá ahọ́n irin lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí ohun èlò yín bá wà ní 440, tí ọ̀kẹ́sítírà sì kọ̀ láti kúrò ní 443, àfi kí ẹ yá òmíràn, kí ẹ sì gbọ́ èsì wọn nígbà tí àyè ṣì wà.

Ẹ kọ èyí sínú ìwé àdéhùn: àga tí kò ní apá, tí itan á lè tẹ́jú lórí rẹ̀, gbohùngbohùn méjì, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ohùn ń gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń rìn. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan síwájú kò ní gbọ́ apá méjèèjì dáadáa. Ẹ mú aṣọ tí ẹ ń tẹ́ sórúnkún dání. Kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń ṣí ohun èlò náà, kí ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ eruku lábẹ́ ahọ́n tó bá dákẹ́, nítorí ìlú tí ẹ ń lọ lè má ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti ìwé orin yín, ẹ fi apá oníkálukú ránṣẹ́ kí ẹ tó dé, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí gbogbo ìlà àti ibi tí ojú ìwé ti lè ṣí láìdí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ti bandoneón, ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ ẹ́: ìlà òkè fún ọ̀tún, ìlà ìsàlẹ̀ fún òsì, àmì ṣíṣí àti pípadé lókè níbi tí kò bá ti ṣeé yẹ̀, nọ́ńbà ìka níbi tó bá ti le nìkan. Lọ́dún kan, ọwọ́ rọ́ mí lọ́rùn ọwọ́, ọmọ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú fila gba ìwé mi, ó tẹ̀ ẹ́ ní Montevideo lọ́jọ́ kẹta. Ó tilẹ̀ rí ibi kan tí pípadé ti dára ju ṣíṣí tí mo kọ lọ. Mo ti yí àmì náà padà nínú ìwé.